Bàbá tó ń kọ àlejò mi sínú nóòtù

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, nítorí náà ẹ fara dà á fún mi tí mo bá sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé rẹ́ǹtì mọ irú aládùúgbò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sí ọgbà tí kò ní tirẹ̀. Tiwa ní Kàbà níbí, ní ìpínlẹ̀ Kogí, jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé kóòtù, ó sì ní nóòtù.

Nóòtù ọmọ ilé-ìwé ni. Ó fi rúlà fa ìlà sí i dáadáa: déètì, àkókò, ẹni tó wọlé, ilé tó wọ̀, ohun tó gbé dání, àkókò tó jáde. Ohun tó gbé dání o! Tí mo bá ra gààrí bọ̀ láti ọjà, ó wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá gbé gáàsì wá fún Ìyá Ìbejì, ó wà níbẹ̀.

Kò bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwà burúkú, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn kí wọ́n má baà ní mo ń ba àgbà jẹ́. Ní alẹ́ Sọ́ńdè, ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án 2021, àwọn agbébọn kọlu ọgbà ẹ̀wọ̀n ìlú wa, àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó lé ní 200 sì tú jáde. Ẹni tó wà ní Kàbà lọ́sẹ̀ yẹn kò ní gbàgbé. Ojúmọmọ la ti ń tìlẹ̀kùn. A kì í rán ọmọ lọ ra iyọ̀. Ìgbà yẹn ni Bàbá ra nóòtù àkọ́kọ́. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá wọ ọgbà, òun á kọ ọ́ sílẹ̀, kó má di pé ọlọ́pàá bi wá léèrè ọ̀rọ̀ ká máa wo ara wa lójú. Gbogbo wa la dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Onílé gan-an ra bíírò fún un. Nígbà tó yá, ẹ̀rù yẹn rọlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé ojú ọ̀nà kò jẹ́ kó tán nílẹ̀, nóòtù náà kò sì tán. Ó kún, ó ra òmíràn.

Lẹ́yìn náà ni àrà tuntun dé. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí kálukú ti wọlé, ẹ ó máa gbọ́ ìró ìgbálẹ̀. Bàbá ń gbá iwájú ilé olúkúlùkù nìyẹn. Kì í kó ìdọ̀tí kankan. Ó ń fi ọwọ̀ tẹ́ iyanrìn náà kó lè dán, ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, títí dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Ní ìdájí, kí ẹnikẹ́ni tó jáde, á gbé tọ́ọ̀ṣì, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa wo ipa ẹsẹ̀. Mo ti ojú fèrèsé rí i tó na ọwọ́, àtàǹpàkò sí ìka àárín, tó ń wọn gígùn ipa bàtà kan, tó wá yọ bíírò létí.

Tí mo bá ń dáná, á dúró lẹ́yìn fèrèsé kíṣìnnì. "Tíṣà, ẹja ọ̀sán àná lo tún ń gbóná ni?" Ẹja ọ̀sán àná ni lóòótọ́.

Ẹ sì mọ̀ pé nílẹ̀ wa níbí, ẹ ò lè kọjá lára àgbà kí ẹ má kí i. "Òkun o, Bàbá." "Òkun, ọmọ mi." Kí ẹsẹ̀ yín tó kúrò níbẹ̀, ìbéèrè ti dé: ibo lò ń lọ, ta ló pè ọ́ lálẹ́ àná tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣé owó oṣù ti wọlé, ṣé ó pé?

Gbogbo ìyẹn, mo fara dà á. Ó di ọ̀rọ̀ àbúrò mi.

Àbúrò mi ọkùnrin ń ti Ìsánlú lọ sí Àbújá. (Ọmọ ìyá mi, ọmọ bàbá mi. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó wá wo imú wa.) Ọkọ̀ wọn bàjẹ́ lọ́nà, ìgbà tó fi máa dé Kàbà, oòrùn ti ń wọ̀. Ta ló máa gba ọ̀nà Ọbajana kọjá ní ìrọ̀lẹ́ lásìkò yìí? Mo ní kó yà sọ́dọ̀ mi, kó sùn, kó bá ọkọ̀ àárọ̀ lọ. Lọ́kọ́ja ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, Fúráìdè ló máa ń wálé. Mo ti pè é kí àbúrò mi tó gbé báàgì kalẹ̀. Àwọn méjèèjì bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù mi, wọ́n ń bú ara wọn nítorí bọ́ọ̀lù bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, onílé wá gba owó tí a dá láti fi tún ẹ̀rọ omi ṣe. Gbogbo wa wà níta, ọkọ mi náà wà níbẹ̀. Bàbá bá wúkọ́. Ó ní òun ní ọ̀rọ̀ kan nípa ààbò ọgbà. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó ṣí nóòtù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lóhùn tí mo gbà pé ó ń lò ní kóòtù láyé ọjọ́un. Ó ka ti ẹni tó wá wo mítà iná. Ó ka ti ọmọ tó ń ta búrẹ́dì. Ó lá ìka, ó ṣí ewé.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Aago mẹ́fà kọjá ogójì ìṣẹ́jú, ìrọ̀lẹ́. Ọkùnrin kan, ó ga, ó dúdú, ó dé fìlà. Ilé Tíṣà. Ohun tó gbé dání: báàgì dúdú kan, iṣu mẹ́ta. Kò jáde."

Ó yọjú lókè awò wò wá. "Kò jáde," ó tún un sọ. "Ọjọ́rú. Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìdájí. Ó jáde. Bàtà ńlá. Báàgì dúdú kan. Kò sí iṣu."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ilẹ̀ ìbá lanu kó gbé mi mì. Kọ́pà tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ń fọ eyín lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró, fọ́ọ̀mù ń kán sí i láyà. Ìyá Ìbejì wolẹ̀. Onílé tún ń ka owó tó ti kà tán. Mo lanu, ohùn kò jáde. Èmi tí mò ń pariwo lé ọmọ ọgọ́ta lórí ní kíláàsì láti àárọ̀ dé ọ̀sán, ohùn kò jáde! Ohun tó sì dùn mí jù ni pé Bàbá kò purọ́. Ọkùnrin wọlé, òótọ́ ni. Ó sùn mọ́jú, òótọ́ ni. Iṣu mẹ́ta, òótọ́ ni, a ò tíì jẹ ẹ́ tán. Kí lẹ fẹ́ kí obìnrin tó ń dá gbélé láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè sọ sí irú òótọ́ bẹ́ẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ kò fi ní dà bí ẹnu ẹni tó ń ṣàlàyé ẹ̀ṣẹ̀? Tí mo bá ní àbúrò mi ni, àwọn kan á rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àbúrò" ni gbogbo wọn máa ń jẹ́, àbí?

Ọkọ mi ló sọ̀rọ̀. Kò gbé ohùn sókè. "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Àbúrò ìyàwó mi ni. Wọ́n pè mí nígbà tó dé, ó tún pè mí nígbà tó ń lọ. Èmi ni mo ní kó sùn síbẹ̀."

Ẹ mọ ohun tí Bàbá ṣe? Kò tọrọ àforíjì o. Ó yọ bíírò létí, ó ní, "A ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àbúrò ni." Ó sì kọ ọ́.

Mo sunkún nínú ilé títí di ọ̀sán. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ mi àti onílé lọ bá Bàbá, wọ́n mú àgbàlagbà kan láti ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ dání, wọ́n ní kó yé kọ ti àlejò inú ilé wa. Ó gbà. A ra kọ́tìnnì tó nípọn sí fèrèsé kíṣìnnì. Ara ti ń rọ̀ wá díẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ, àní bí ẹ bá gbàgbé gbogbo èyí tó kù, ni pé ẹ jẹ́ kí ilé yín kọ́kọ́ gbọ́ láti ẹnu yín. Ọkọ, ìyàwó, ìyá ọkọ, ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ náà lè dùn. Àlejò dé, ẹ pè wọ́n. Ẹ yá ẹnìkan lówó, ẹ sọ. Mọ́tò gbé yín délé lálẹ́, ẹ sọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní èmi ń bẹ̀rù ọkọ ni mo ṣe ń jábọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, òun náà ń jábọ̀ fún mi. Ká ní mi ò pè é lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tó jẹ́ pé lójú gbogbo ọgbà ló ti ń gbọ́ "kò jáde", bó ti wù kó fẹ́ràn mi tó, nǹkan kan ìbá ṣẹ́ nínú rẹ̀. Kò sí ohun tí nóòtù lè ṣe fún ọ̀rọ̀ tí ará ilé ẹni ti mọ̀.

Èkejì, ẹ máa kí i. Ẹ má fi ìbínú kọ̀ láti kí i, torí pé ní Kàbà, ẹ̀yin lẹ máa di aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kí i tán, kí ẹ máa rìn. "Òkun o, Bàbá, mo ń yára ni o." Tó bá béèrè owó oṣù, ẹ ní Ọlọ́run ń ṣe é. Kò sí èsì tó pé nínú ìyẹn. Ohun tí ẹ kò bá fẹ́ kí wọ́n kà lójú ìpàdé, ẹ má fi ẹnu yín kọ ọ́ fún un.

Ìyá Ìbejì ní oṣó ni, pé erùpẹ̀ ipa ẹsẹ̀ wa ló ń kó lọ ṣe nǹkan. Mi ò bá a sọ ọ́, ẹ̀yin náà ẹ má bá wọn sọ irú rẹ̀. Mo ti ojú fèrèsé wò ó dáadáa, kò bu erùpẹ̀ kankan. Irú ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń lu arúgbó pa nílẹ̀ yìí. Ìyàwó Bàbá ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lọ́nà jíjìn, fóònù rẹ̀ kì í dún. Mi ò sọ pé ìyẹn dá a láre o. Mo kàn ń sọ pé ọwọ́ tó dilẹ̀ ló ń fi rúlà fa ìlà.

Ẹ̀rù tó ń bà á náà kì í ṣe irọ́. Tí ẹ bá rí àjèjì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yé yín, ẹ sọ fún onílé, ẹ sọ fún àwọn ọdẹ àti fijilanté, ní ìdákọ́ńkọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́ ọgbà, ẹ ní kó ṣọ́ géètì, kó fi ilẹ̀kùn yàrá sílẹ̀.

Ọmọ onílé tó ń kọ́ òfin ní abala 37 nínú òfin Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo àṣírí ará ìlú àti ilé rẹ̀. Ó dùn mọ́ mi láti gbọ́, mo sì sọ ọ́ létí Bàbá lọ́jọ́ kan, nítorí akọ̀wé kóòtù ló máa yé. Ṣùgbọ́n a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ẹ̀rọ omi kan náà la sì jọ ń fà. Onílé ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Kí ẹ tó lọ bá a, kí ọkọ yín ti mọ̀. Mo tún ti padà síbẹ̀, mo mọ̀.

Àwọn kan ní kí n kó kúrò. Kí n kó lọ síbo? Owó ọdún kan ti wà lọ́wọ́ onílé, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ sí ilé-ìwé, omi sì ti ń wá. Àbúrò mi ti ní òun tún ń gba Kàbà kọjá lóṣù tó ń bọ̀. Ọkọ mi ti gbọ́. Bàbá kò tíì gbọ́, kò sì sí ẹni tó máa sọ fún un.