Ahọ́n mi funfun, mo fi orín họ ọ́

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n bí mo bá rí orín lẹ́nu ẹlòmíì, ara mi ṣì máa ń bù máṣọ.

Ẹ̀yin tí a jọ ń gba kẹ́mò, oògùn jẹjẹrẹ, ẹ mọ bí ẹnu ṣe ń rí: ọbẹ̀ á korò, itọ́ á gbẹ. Nígbà tí ahọ́n mi wá funfun lọ́jọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn kẹ́mò, bí ògì tó gbẹ mọ́ abọ́, mo ní kẹ́mò náà ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní mi ò fọnu dáadáa ni. (Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni mo ń fọ ọ́ o!) Ojú tì mí, mo mú orín, mo họ ọ́. Funfun náà ṣí, ẹ̀jẹ̀ bá a jáde.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mi ò lè gbé itọ́ mì. Kì í ṣe oúnjẹ, itọ́ ara mi. Mo gbé ife sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ń tutọ́ sí i. Ọmọ mi po ògì wá, ó fi ṣíbí bù ú sí mi lẹ́nu. Àfi bí ìgbà tí mo gbé ẹyin iná mì. Ó ń wí pé, “Ẹ pẹ̀lẹ́, Mọ́mì,” ó ń sunkún ju èmi lọ. Ara mi gbóná dé 38.6°C. Mo dúró dilẹ̀ mọ́!

Nílé ìwòsàn, wọ́n ní Candida ni, irú èébu kan tó ń hù lẹ́nu, ó ti wọ ọ̀nà ọ̀fun. Ẹnu ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé láìṣe nǹkan. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ funfun, tó ń bá àrùn jà nínú ara, bá wálẹ̀ ló ń ráyè. Wọ́n fa omi sí mi lára, wọ́n fún mi ní fluconazole, oògùn tó ń pa Candida. Ọjọ́ karùn-ún, mo jẹ ẹ̀kọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má họ ọ́. Ẹ máa tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu láràárọ̀, pàápàá láti ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá lẹ́yìn kẹ́mò. Bí ẹ bá rí funfun, ẹ fi han dókítà, ẹ má họ ọ́. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi omi iyọ̀ ṣan ẹnu lẹ́yìn oúnjẹ. Oògùn ìfọnu tó ní ọtí, rárá. Bí ara bá gbóná dé 38°C, òru kẹ̀, ọ̀sán kẹ̀, ẹ gbéra lọ sílé ìwòsàn.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní orín làwọn baba ńlá wa ń lò. Èmi náà fi dàgbà. Ṣùgbọ́n baba ńlá mi ò gba kẹ́mò.

Ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀ mí. Mo ti kó ìdì orín tó kù fún un.