Tẹ́ ẹ bá ní àńtẹ́nà lórí òrùlé, ẹ yẹ earth rẹ̀ wò kí òjò tó dé

Ẹ̀yin èèyàn mi, pàápàá àwa tá a wà n'Ibàdàn níbí tá a ṣì ń lo àńtẹ́nà orí páìpù, ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an. Lọ́dún tó kọjá àrá sán lu igi mángòrò ẹ̀yìnkùlé wa, kò tiẹ̀ kan òrùlé rárá, síbẹ̀ tẹlifíṣọ̀n àti dikódà jóná pátápátá. Páìpù àńtẹ́nà yẹn sì ní earth, ìyẹn wáyà àti ọ̀pá irin tó ń gbé iná lọ sínú ilẹ̀ o! Ẹni tó gbé e sókè ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ó so wáyà mọ́ ọn, gbogbo wa rò pé ó ti parí.

Bàbá oníná tá a pè ló là mí lójú. Earth àńtẹ́nà dá wà, earth ilé níbi mítà náà dá wà, wọn ò so mọ́ra. Tí àrá bá sán nítòsí, iná tó wọ ilẹ̀ lè mú kí fólítéèjì ọ̀pá kan ga ju ti ìkejì lọ fíìfíì, iná yẹn á sì máa wá ibi tó máa gbà kọjá láti ọ̀kan sí ìkejì, ibi tó sì máa ń rí ni wáyà àńtẹ́nà tó wọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, á gba inú ẹ̀ já sí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bó ṣe jóná nìyẹn.

Torí náà, ẹ so ọ̀pá méjèèjì pọ̀, wáyà bàbà 16mm ni kẹ́ ẹ lò, òun náà ni kó ti ara páìpù wá sílẹ̀, kó gba ìta, kó lọ tààrà, ẹ má ká a kọ́rọkọ̀rọ. Òfin iná Amẹ́ríkà náà pọn ọ́n ní dandan pé kí méjèèjì so pọ̀. Irin wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ rọ́bà wáyà àńtẹ́nà, òun náà gbọ́dọ̀ kan earth kó tó wọlé, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kì í ṣe èyí. Ẹ ha ọ̀dà àti ìpẹtà kúrò níbi tí kíláǹpù bá ti mú páìpù. Ilẹ̀ máa ń gbẹ tó bá di ọyẹ́, ọ̀pá tí ò wọlẹ̀ dáadáa ò ní ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, ibi tó tutù ni kẹ́ ẹ rì í sí. Páìpù omi tó jẹ́ rọ́bà kì í ṣe earth, ẹ jọ̀ọ́.

Earth ò sọ pé àrá ò ní ba nǹkan jẹ́ tó bá sán lu àńtẹ́nà gan-an o. Tójò bá ti ṣú, ẹ yọ wáyà àńtẹ́nà, ẹ yọ pulọ́ọ̀gì, àmọ́ tí àrá bá ti ń sán, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Ibi tẹ́ ẹ bá sì ti fẹ́ gbé páìpù náà nàró, ẹ wọ̀n ọ́n kó jẹ́ pé tó bá wó, kò ní kan wáyà NEPA.