Ohun tí Òkúta Palermo Kò Gbàgbé

Ọjọ́ kẹta tí mo dé Palermo, olú-ìlú erékùṣù Sicily ní gúúsù Ítálì, ni ó tó yé mi pé omi ni ọ̀pọ̀ ibi tí mo ti ń fẹsẹ̀ rìn tẹ́lẹ̀ rí. Panormos ni àwọn Gíríìkì pe ìlú náà, ìyẹn ni pé èbúté ni gbogbo rẹ̀, orúkọ náà kò sì ṣàdédé wáyé. Àwọn ará Fòníṣíà ló tẹ̀ ẹ́ dó sórí ilẹ̀ tóóró tó wà láàárín odò méjì, Papireto àti Kemonia. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ẹrẹ̀ dí ẹnu èbúté, wọ́n bo odò méjèèjì mọ́lẹ̀, wọ́n sì kọ́lé lé wọn lórí. La Cala, níbi tí àwọn ọkọ̀ ojú omi kéékèèké ń gúnlẹ̀ sí lónìí, ló ṣẹ́ kù nínú èbúté ńlá náà. Bí ènìyàn bá ń gba òpópónà Via Porta di Castro kọjá, tí ó sì kíyè sí bí àwọn ọ̀nà tóóró ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe ń dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ wá bá a, kí ó mọ̀ pé ipadò Kemonia lòun ń tọ̀.

Ọ̀nà tó la ìlú àtijọ́ já láti ààfin ọba dé etí òkun ń jẹ́ Corso Vittorio Emanuele nínú ìwé, àmọ́ Càssaro ni àwọn ọmọ ìlú ń pè é. Èdè Lárúbáwá ni wọ́n ti mú un, al-qasr, tí í ṣe ààfin. Àwọn Mùsùlùmí gba Palermo ní ọdún 831, àwọn ọmọ ogun Norman sì gbà á lọ́wọ́ wọn ní ọdún 1072, síbẹ̀ orúkọ náà kò kúrò lẹ́nu ará ìlú. Bẹ́ẹ̀ náà ni àdúgbò Kalsa. Ní ibi tí àwọn Júù ń gbé kí wọ́n tó lé wọn kúrò nípasẹ̀ àṣẹ ọdún 1492, èdè mẹ́ta ni wọ́n fi kọ orúkọ òpópónà sára ògiri: Ítálì, Hébérù àti Lárúbáwá.

Ibi tí mo ti dúró pẹ́ jù ni ìloro tó kọjú sí gúúsù lára kàtídírà ìlú náà. Ṣọ́ọ̀ṣì ni ilẹ̀ náà kí ó tó di mọ́ṣáláṣí, kí ó tó tún padà di ṣọ́ọ̀ṣì. Lára òpó kan lápá òsì, wọ́n fín ẹsẹ Kùránì kan sí i ní lẹ́tà Lárúbáwá, ẹnikẹ́ni kò sì ha á kúrò láti ìgbà náà wá. Mo sún mọ́ ọn títí mo fi rí etí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, tí ọjọ́ pípẹ́ ti jẹ díẹ̀díẹ̀. Agbo ilé tí wọ́n ti ń jọ jẹ ẹran iléyá àti ìrẹsì Kérésìmesì ni wọ́n bí mi sí, nítorí náà òpó yẹn wọ̀ mí lọ́kàn ju gbogbo wúrà tó wà nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Palermo lọ.

Quattro Canti, oríta tí gbogbo àlejò ti ń ya fọ́tò, rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò pẹ́ níbẹ̀. Piazza Marina ni mo kọjá sí. Igi kan wà nínú ọgbà ibẹ̀ tí mo kọ́kọ́ pè ní ọdán: gbòǹgbò ń já bọ́ láti orí ẹ̀ka rẹ̀, wọ́n sì ti wọlẹ̀, wọ́n ti di òpó. Ọsirélíà ni irú rẹ̀ ti wá, wọ́n sì ti gbìn ín láti ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àmọ́ ìbátan ọdán ni ní tòótọ́. Ní òdìkejì rẹ̀ ni ààfin Steri, níbi tí Inquisition, ìgbìmọ̀ ìjọ Kátólíìkì tó ń wá àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé wọ́n yapa sí ẹ̀kọ́ ìjọ, ti ń gbẹ́jọ́ láti nǹkan bí ọdún 1600 títí di 1782. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ya àwòrán ẹni mímọ́, ọkọ̀ ojú omi àti máàpù Sicily sára ògiri àhámọ́ wọn, wọ́n sì kọ ewì sí i. Ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu mi níbẹ̀.

Ọjà Ballarò ni mo ti jẹun. Àwọn ọlọ́jà ń polówó pẹ̀lú orin, abbanniata ni wọ́n ń pe ìpolówó náà. Mo wo ẹni tó ń ṣe panelle: ìyẹ̀fun ẹ̀wà ceci ni wọ́n máa ń rò lórí iná títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ kí ó tutù, wọ́n á gé e, wọ́n á sì dín in nínú òróró gbígbóná kí wọ́n tó kì í bọ inú búrẹ́dì. Bí mo ti ń jẹ ẹ́, ìyá kan tó gbọ́ èdè tí mo fi ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù pè mí.

"Ọmọ mi, ṣé o ti rí Benedetto wa?"

"Ẹ káàsán, mà. Mi ò tíì rí i."

Ó nawọ́ sí ìsàlẹ̀ òpópónà. Benedetto il Moro, ọmọ àwọn ará Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú, ni wọ́n bí ní San Fratello. Alásè ni ní ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn Santa Maria di Gesù ní Palermo. Kò mọ̀wé kà, síbẹ̀ òun ni wọ́n fi ṣe olórí wọn. Ó kú ní ọdún 1589, Póòpù sì kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́ ní ọdún 1807. Àwọn ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú ní Brazil ti sọ ọ́ di tiwọn láti ọjọ́ pípẹ́. São Benedito ni wọ́n ń pè é. Ní oṣù Keje ọdún 2023, iná tó jó àwọn òkè Palermo jó ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria di Gesù, ó sì jó òkú Benedetto tó wà nínú rẹ̀.

Mo tọ ibi tí ìyá náà júwe. Wọ́n kun àwòrán Benedetto gàgàrà sára ògiri ilé kan, ojú rẹ̀ dúdú bíi tèmi. Àwọn ọmọ kan, dúdú àti funfun, ń gbá bọ́ọ̀lù nísàlẹ̀ rẹ̀, èdè Sicily ni gbogbo wọn sì fi ń bá ara wọn jà lórí bóyá góòlù wọlé.