Ẹ tẹ ojú ọgbẹ́, ẹ má da nǹkan sí i

Ẹja tútù ni mò ń gé tà ní Oyíngbò. Yìnyín máa ń mú kí ọwọ́ wa kú tipiri, nítorí náà bí ọ̀bẹ bá gé èèyàn, ó lè má mọ̀ títí omi inú báfù á fi pọ́n. Mo ti rí ọgbẹ́ tó pọ̀ lórí ìsọ̀, mo sì ti rí ohun táwọn èèyàn máa ń sáré bù wá: epo òyìnbó, áṣáà, kọfí lílọ̀, eérú. Kò sí èyí tó dára nínú wọn. Ìdọ̀tí ni wọ́n ń kó sínú ẹran ara, nígbà tí nọ́ọ̀sì bá sì ń fọ̀ ọ́ kúrò, ẹni tó fara gbọgbẹ́ á jẹ oró lẹ́ẹ̀kejì.

Títẹ̀ ló ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ẹ wá aṣọ tó mọ́ (kì í ṣe èyí tí ẹ fi ń nu tábìlì ẹja o), ẹ ká a po, ẹ gbé e lé ojú ọgbẹ́ gan-an, kí ẹ sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ gírígírí fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ wo aago. Àwa ará Èkó ò ní sùúrù: kò tíì pé ìṣẹ́jú méjì tí wọ́n á ti ní "ẹ jẹ́ n wò ó ná." Bẹ́ẹ bá sì ṣí i, ẹ̀jẹ̀ tó ti ń dì á tún tú. Bí aṣọ bá rin gbindin, ẹ má yọ ọ́, ẹ fi òmíràn lé e, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Kí ẹni tó fara gbọgbẹ́ gbé ọwọ́ náà sókè. Bí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn bá ni, ẹ ti ọwọ́ bọ ọ̀rá tó mọ́ kọ́kọ́. Ọ̀rá kì í wọ́n lọ́jà.

Bí nǹkan bá gún èèyàn tó sì há síbẹ̀, ẹ má fà á yọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀.

Ọgbẹ́ kékeré tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dá, ẹ fi omi inú ọ̀rá tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ já fọ̀ ọ́, ẹ fi ọṣẹ fọ etí rẹ̀, ẹ wá fi bándéèjì bò ó. Ẹ má da sípíríìtì sínú rẹ̀, ó ń jó ẹran ara.

Ọgbẹ́ ìka ni mo bẹ̀rù jù. Ó lè kéré lójú, kí ọ̀bẹ sì ti gé iṣan tó ń gbé ìka. Ẹ ní kó ká ìka náà, kó tún nà án. Bí kò bá lè ṣe é, tàbí tí orí ìka kò mọ nǹkan kan mọ́, ilé ìwòsàn yá. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ọgbẹ́ bá la ẹnu sílẹ̀, tàbí tí ẹ tẹ̀ ẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ kò dá. Èyí tó bá ń tú jáde bí omi ẹ̀rọ, ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó, 767 tàbí 112, lójú ẹsẹ̀, ẹ tẹ́ onítọ̀hún sílẹ̀, ẹ fi ìró bò ó kí òtútù má mú un. Tó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́ lẹ fi gbé e, kí ẹni tó ń tẹ ọgbẹ́ bá a wọlé, kó má tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ nínú gó-sìló.

Kí ẹ tó kúrò nílé ìwòsàn, ẹ béèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ọgbẹ́ ọ̀bẹ ẹja kì í ṣe ọgbẹ́ mímọ́; bí èyí tí ẹ gbà kẹ́yìn bá ti ju ọdún 5 lọ, ẹ gba òmíràn.