Ẹja tó wà lẹ́yìn bàbá àgbà

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwẹ̀ gbogbogbò dé ní Tokyo níbí ni, ọkàn mi ò tíì kúrò lára ohun tí mo rí. Bàbá arúgbó kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fọṣẹ sára. Bó ṣe kọ ẹ̀yìn sí mi, háà! Wọ́n fín ẹja koi (ẹja aláwọ̀ mèremère ilẹ̀ Japan) ńlá kan sí i lẹ́yìn, ó ń gun ìtàkìtì omi lọ sókè, láti ìdí títí dé èjìká. Èèyàn lè ka ìpẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí bàbá bá mí, ẹja náà á mí.

Wọ́n ní ẹja tó bá gun ìtàkìtì omi yẹn dókè á di dírágónì. Ìdí nìyẹn tí àwọn yakuza, ẹgbẹ́ jàǹdùkú ilẹ̀ Japan, fi fẹ́ràn rẹ̀: àmì ẹni tó lè fara da ìyà. Ìyà sì ni fínfín náà lóòótọ́, torí abẹ́rẹ́ tí wọ́n so mọ́ orí igi ni wọ́n fi ń fọwọ́ gún un sára. Ìjọba fòfin de fínfín ní 1872, ó di 1948 kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Títí dòní, ọ̀pọ̀ ilé ìwẹ̀ kì í gba ẹni tó fín ara wọlé.

Jàǹdùkú ni bàbá yìí àbí panápaná? (Àwọn panápaná ayé àtijọ́ náà ń fín ara.) Mi ò bi í. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì sún abọ́ omi sọ́dọ̀ mi.

Ẹ̀yin ará Japan, ẹ ti rí irú rẹ̀ rí?