Iṣẹ́ tí clause ń ṣe ni kí ẹ wò, ẹ má wo ojú rẹ̀

Ẹni tó bá ti ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì WAEC rí mọ ìbéèrè yìí: wọ́n á fa clause kan, ìyẹn apá gbólóhùn tó ní verb tirẹ̀, yọ nínú comprehension, wọ́n á ní kí o sọ orúkọ tí gírámà ń pè é àti iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́ ló ti há a sórí pé tí ‘when’ bá ti ṣíwájú, adverbial clause ni, ó parí. Ibẹ̀ gan-an ni máàkì ti ń bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ wo mẹ́ta yìí:

I know when he came.
I remember the Monday when he came.
I was sleeping when he came.

Lẹ́tà kan ò yí padà nínú ‘when he came’, síbẹ̀ iṣẹ́ tó ń ṣe níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀ síra. Mi ò kì í jẹ́ kí wọ́n dárúkọ clause kankan báyìí láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ fi ‘it’ dán an wò. Ẹ yọ clause náà, kí ẹ fi ‘it’ rọ́pò rẹ̀. ‘I know it’: ó gún régé. Noun clause nìyẹn, object of the verb ‘know’. ‘I was sleeping it’ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ‘I was sleeping then’ lọ geere; ìgbà ló ń tọ́ka sí, adverbial clause ni, it modifies the verb ‘was sleeping’. Èyí àárín ló máa ń yọ wọ́n lẹ́nu, torí pé ‘it’ ò bá a mu, ‘then’ náà ò bá a mu. Monday ló so mọ́. Ẹ bi í pé Monday wo, òun ló máa dáhùn. Adjectival clause ni, it qualifies the noun ‘Monday’.

Àwọn tó ń ṣe Yorùbá ní SS ti pàdé gbogbo èyí lábẹ́ awẹ́ gbólóhùn afarahẹ: asodorúkọ, asàpèjúwe, asàpọ́nlé. Wọn ò kàn fura pé ohun kan náà ni.

Ti pronoun (ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ), èdè wa ló ń bá wọn ṣeré. ‘Rẹ̀’ ò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin, ni ọmọ bá kọ ‘My mother sold all his goods’, á tún kà á, kò sì ní í rí nǹkan kan. Mo máa ń ní kí wọ́n fa ìlà láti abẹ́ gbogbo he, she, his, her padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Ti ‘they’ tún lágbára jù ú lọ: ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé ò fẹ́ pe bàbá rẹ̀ ní ‘he’, àfojúdi ló jọ lójú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ò ní ‘wọ́n’ àgbà. Ẹni kan ṣoṣo ni Daddy nínú Gẹ̀ẹ́sì, bó ti wù kó dàgbà tó.

Tí ẹ bá sì rí ‘She called my brother and I’, ẹ yọ brother kúrò. ‘She called I’? Àṣìṣe náà á fara hàn fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ò le. Lẹ́tà ńlá ni ká fi bẹ̀rẹ̀ wọn níbikíbi. Òrìṣà àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Woden ló ni d tí a kì í pè nínú Wednesday, ẹ má yọ ọ́. ‘Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá’ ló ń bí ‘on last Monday’. Tí last, next, this tàbí every bá ti wà níwájú ọjọ́, ‘on’ ò ní àyè mọ́. Bí ẹ bá sì ń kọ lẹ́tà ìpè sí òde tó di ọjọ́ mẹ́jọ òní, ẹ má kọ ‘in eight days’ o. Yorùbá ti ka òní mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ Friday lẹ̀ ń kọ ọ́, ‘next Friday’ ni òde yín.