Ibùdó Ẹ̀kọ́ Sáyẹ́ǹsì Tí Ọmọ Mi Lọ Nígbà Ìsinmi Ọlọ́jọ́ Gbọọrọ

Bí sáà kẹta bá ti ń parí lọ nínú Oṣù Agẹmọ, agbára káká ni ènìyàn fi lè rí òpó iná kan ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn tí wọn kò lẹ ìwé ìpolówó ẹ̀kọ́ ìgbà ìsinmi mọ́. Nígbà tiwa, lesson ni wọ́n ń pè é, ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a ti kọ́ láti ọdún wá náà ni wọ́n sì ń tún kọ́ wa. Ní báyìí, kódìńgì (kíkọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé), rọ́bọ́ọ̀tì àti sáyẹ́ǹsì ló kún ojú ìwé náà, owó rẹ̀ sì ti di ohun tí tọkọtaya ń jókòó jíròrò lé lórí kí wọ́n tó san án.

Ọmọbìnrin mi, tí ó pé ọdún mẹ́sàn-án, ti lọ sí irú ibùdó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ti àkọ́kọ́, ọmọ mẹ́ta ló ń pín kọ̀ǹpútà kan lò, èyí tó lágbára jù nínú wọn ló sì máa ń di mouse mú. Ní ọjọ́ ìkẹyìn, wọ́n wọ aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́yege fún wọn, wọ́n fún wọn ní ìwé ẹ̀rí, wọ́n sì fi eré bọ́ọ̀lù kan hàn wá lójú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo bi ọmọ mi bí bọ́ọ̀lù náà ṣe mọ̀ pé òun ti kan ògiri tí ó fi ń padà sẹ́yìn, ó wò mí lójú, ó ní, "Ọ́ńkù ló ṣe é, Mọ́mì."

Ti ọdún tó kọjá yàtọ̀ pátápátá. Obìnrin kan tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní físíìsì ló ń darí rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn kékeré kan, láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Scratch, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọdé fi ń kọ́ kódìńgì, tí àwọn onímọ̀ ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2007, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ṣeé lò láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tó ń ra data. Ológbò kan wà lójú rẹ̀ tí àwọn ọmọ ń pàṣẹ fún: rìn síwájú, yà, tún un ṣe. Láti ya onígunmẹ́rin ọgbọọgba, ológbò náà yóò rìn, yóò yà ní ìwọ̀n 90, yóò sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà tí ó kan onígunmẹ́ta, ọmọ mi kọ 60, nítorí pé wọ́n ti kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni igun kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ṣe rí. Ìlà tí ológbò náà fà kò sì padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ náà kò sọ èsì fún un. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ya onígunmẹ́ta sílẹ̀, ó ní, "Dìde, kí o fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn ín." Nígbà tí ọmọ náà dé orí igun, tí ó ń yí ara padà, ó rí i pé yíyà náà pọ̀ ju bí òun ti rò lọ: 120 ni.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Seymour Papert, tí wọ́n bí ní Gúúsù Áfíríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe èdè kọ̀ǹpútà Logo fún àwọn ọmọdé ní ọdún 1967, nínú èyí tí ọmọ ti wá ń pàṣẹ fún ìjàpá kan láti máa ya àwòrán, tí ó sì lè fi ara rẹ̀ sí ipò ìjàpá náà bí ọ̀nà bá dàrú. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo gbọ́ ọ. Alábahun tí a mọ̀ sí ọ̀kánjúwà ẹ̀dá nínú gbogbo àlọ́ ti di olùkọ́ ìṣirò!

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, iná ìjọba lọ, jẹnẹrétọ̀ sì kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Mo rò pé wọn yóò dá àwọn ọmọ padà sílé, ṣùgbọ́n olùkọ́ náà pín páálí, wáyà, bátìrì àti gílóòbù kékeré tí wọ́n ń pè ní LED fún wọn, ó ní kí oníkálukú ṣe tọ́ọ̀ṣì tirẹ̀. Ọmọ mi so bátìrì kan mọ́ ọn, kò tàn. Ó so méjì pọ̀, kò tàn. Ó sunkún díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, kí ó tó ṣàkíyèsí pé ẹsẹ̀ LED náà kan gùn ju èkejì lọ. Ó yí i padà, ó sì tàn yòò. Lórí àmàlà ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ó ti ń ṣàlàyé fún bàbá rẹ̀ pé bátìrì kan kò ní ju fólítì 1.5 lọ, pé LED pupa ń fẹ́ tó bíi 2, àti pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni iná ń gbà kọjá nínú rẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí ìyá kan bá bi mí pé ibùdó wo ni kí òun mú ọmọ lọ, ìbéèrè méjì ni mo máa ń ní kí ó béèrè: ọmọ mélòó ló ń lo kọ̀ǹpútà kan, kí sì ni ọmọ yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tí yóò gbé wálé?

Tọ́ọ̀ṣì páálí náà ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Nígbà tí iná lọ ní alẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn tí ilé-ẹ̀kọ́ wọlé, òun ló kọ́kọ́ tan ìmọ́lẹ̀ nínú ilé wa. Ìgbà tí iná dé padà, tí bàbá rẹ̀ fẹ́ gbọ́ ìròyìn, ni a tó mọ̀ pé bátìrì inú rìmóòtù ló yọ.